Tírọ́ọ̀kì gbá dáńfó lẹ́yìn ní Kétu: ẹjọ́ dísìkì ẹ̀yìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Mo gba àyè lọ́wọ́ oníbàárà mi kí n tó kọ èyí. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, mo yọ ti ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ tó gbá wọn, mo sì yọ ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà pẹ̀lú, torí àdéhùn tí a fi parí ọ̀rọ̀ kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti máa ka iye owó fún aráyé. Ohun tó kù tó í sọ. Agbẹjọ́rò ni mí ní Èkó, ẹjọ́ ìjàǹbá ọkọ̀ sì pọ̀ nínú iṣẹ́ mi. Nínú gbogbo wọn, ti dísìkì ẹ̀yìn, ìyẹn ohun tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn kan sí èkejì, ló máa ń fa ariyanjiyan jù. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egungun tó kán, kò sí àpá tí èèyàn lè ṣí aṣọ fi hàn. Ẹni tó ń jẹ̀rora wọ aṣọ tó mọ́ wá sí kọ́ọ̀tù, ó ń sọ̀rọ̀ geere. Àwọn tí a pè lẹ́jọ́ pàápàá kì í sábà jiyàn pé ẹ̀yìn ń dùn ún. Ìgbà tí ẹ̀yìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ni wọ́n máa ń bá a jà lé lórí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lóṣù kẹta ọdún 2023. Arábìnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 41, Ìkòròdú ló ń gbé, ó sì ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní wọ̀háòsì oògùn kan ní Ọgbà, nítòsí Ìkẹjà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tó fi wọ dáńfó, bí gbogbo ará Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ nígboro ṣe máa ń ṣe. Ìlà tó kẹ́yìn ló jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì onírin tí wọ́n tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ lé. Kò sí bẹ́líìtì, kò sí ibi tí èèyàn lè gbé orí tì. Nígbà tí wọ́n dé Kétu, kọ̀ńdọ́ rí èrò méjì lẹ́bàá títì, ó lu ara ọkọ̀, dírẹ́bà sì tẹ búréèkì lójijì níbi tí kì í ṣe ibùdókọ̀. Tírọ́ọ̀kì kékeré kan tó kó omi inú ọ̀rá ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ti sún mọ́ wọn jù, kò rí àyè dúró. Ó kàn wọ́n lẹ́yìn gbàǹgà.

Ohun tó rántí nípa rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní òun ti tẹ̀ síwájú láti di ìjókòó iwájú mú nígbà tí ìdí òun fò kúrò lórí bẹ́ǹṣì, tó sì já padà sórí irin. Ẹ fi sọ́kàn pé ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí ìwúwo ara já lé e. Dókítà á padà bá wa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Àwọn dírẹ́bà méjèèjì gbé ẹnu lé ara wọn, àwọn ọlọ́jà Kétu sì ti pé lé àwọn èrò lórí pé kí wọ́n dúpẹ́, pé Ọlọ́run ló kó wọn yọ. Ọmọkùnrin kan tó jókòó níwájú gbé fóònù, ó ń ya fídíò, ó ń sọ fún àwọn tó máa wò ó pé kí wọ́n wá wo nǹkan tí ojú àwọn rí láàárọ̀ kùtù. Nínú fídíò náà, nọ́ḿbà tírọ́ọ̀kì hàn ketekete, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín sì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Oníṣẹ́ LASTMA kan dé, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Oníbàárà mi gbọn aṣọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ mìíràn, ó ń lọ síbi iṣẹ́.

Inú ọkọ̀ kejì yẹn ló ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lórí WhatsApp, ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an nìyí: “E kaaro ma. Truck lo gba moto wa leyin ni Ketu. A dupe, nkankan o se mi, sugbon eyin ati idi n dun mi die. Mo maa pe de.” Ọ̀gá rẹ̀ dá a lóhùn pé, “E pele o. Olorun a tubo maa so yin.” Ó parí síbẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin yẹn ló gbé ẹjọ́ náà ró, àwọn náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó o.

Lọ́jọ́ kẹta, ìrora náà sọ̀ kalẹ̀. Láti ìdí òsì, ó gba ẹ̀yìn itan, ó kọjá ẹ̀yìn orúnkún, ó dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù. Á ta á, á jó o, lẹ́yìn náà ibẹ̀ á kú tipiri. Bó bá wúkọ́ tàbí tó sín, ariwo ni. Ó fi ìpara gbígbóná pa á. Ìyá kan ládùúgbò tó máa ń tẹ ara bá a tẹ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ní kí ọmọ òun ọkùnrin gun òun lẹ́yìn, kó máa rìn lórí rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe máa ń ṣe.

Ó tó ọjọ́ kẹsàn-án kó tó dé ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí ilé rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà àti táífọ́ọ̀dù (èyí kì í yẹ̀ lọ́dọ̀ wa), wọ́n ya ẹ́síréè, wọ́n ní egungun kankan kò ṣẹ́, wọ́n fún un ní oògùn ara ríro. Ohun tí wọ́n kọ sórí káàdì rẹ̀ kò ju pé ẹ̀yìn ń dùn ún fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kankan síbẹ̀. Oníbàárà mi búra pé òun sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí káàdì ni ilé ẹjọ́ máa kà.

Ẹ́síréè kì í fi dísìkì hàn, egungun ló ń fi hàn. Láàárín egungun ẹ̀yìn kan sí èkejì ni dísìkì wà: òde rẹ̀ yi, inú rẹ̀ rọ̀. Bí ìwúwo bá já lé e nígbà tí ẹ̀yìn tẹ̀ síwájú, inú rírọ̀ yẹn á máa wá ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé tí èèyàn tẹ̀ lápá kan, tó wá ń gba ibi tí ewé ti ya lápá kejì yọ. Ọ̀gangan ibi tó ń yọ sí yẹn náà ni àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ẹsẹ̀ ti ń kọjá. Bó bá ti tẹ ọ̀kan nínú wọn, ẹsẹ̀ ni yóò máa sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ fi ń ráhùn ìka ẹsẹ̀, tí àwọn ará ilé á máa rò pé àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fà á lọ sí ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìgbóbì. Ibẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ egungun. Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún ní 1945. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ṣe ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ sọ ní kíkún, torí àwọn ló padà ràn wá lọ́wọ́ ju ẹ̀rọ ayàwòrán lọ. Ó ní kó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó wá ń gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè láìká orúnkún. Kó tó gbé e dé ìdajì, obìnrin náà ti ké. Ó fi òòlù kékeré onírọ́bà lu ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀: ẹsẹ̀ ọ̀tún ta pọ́ún, ẹsẹ̀ òsì kò mira. Lẹ́yìn náà, ó ní kó di etí tábìlì mú, kó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, kó gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọ̀tún gòkè. Òsì gbọ̀n, kò kúrò nílẹ̀. Ó ní kó tún un ṣe. Kò kúrò nílẹ̀.

Èèyàn lè díbọ́n igbe. N kò tíì rí ẹni tó lè díbọ́n kí gìgísẹ̀ má ta nígbà tí òòlù bá bà á. Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, ó sì kọ ohun tí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ kò kọ: pé aláìsàn sọ pé ìrora bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí tírọ́ọ̀kì gbá ọkọ̀ tí òun wọ̀.

Àyẹ̀wò MRI, èyí tó ń ya àwòrán dísìkì àti iṣan, tẹ̀ lé e. Owó rẹ̀ ju owó oṣù arábìnrin náà lọ. Kọpurétíìfù ibi iṣẹ́ wọn ló yá a. Èsì rẹ̀ sọ pé dísìkì tó wà láàárín L5 àti S1, ìyẹn èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti yọ sẹ́yìn lápá òsì, ó sì ti tẹ iṣan S1. Iṣan yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ kékeré, nítorí náà àwòrán àti òòlù bára mu. Ìlà kan tún wà nísàlẹ̀ èsì náà: dísìkì méjì tó wà lókè rẹ̀ ti ń gbẹ. Ìlà yẹn á padà dá wàhálà sílẹ̀.

Wọn ò sọ pé àwọn fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Dókítà ṣàlàyé fún un pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan pẹ̀lú oògùn àti físíò (ìtọ́jú tí wọ́n ń fi eré ìdárayá ṣe), pé iṣẹ́ abẹ di dandan bí ẹsẹ̀ bá túbọ̀ ń rọ. Ó tún kìlọ̀ pé bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tó ń dá wá fúnra rẹ̀, tí abẹ́ àti itan inú sì kú, kó má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n gbé e wá lóru. Ọpẹ́ ni pé ìyẹn kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kó má gbé ẹrù mọ́, wọ́n sì fi í sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ físíò.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìjàǹbá ló dé ọ́fíìsì mi. Mo ní, “Ẹ jókòó, mà.” Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n dúró, sà. Ìjókòó gan-an ni ìṣòro mi.” Ẹ̀gbẹ́ kábíńẹ́ẹ̀tì fáìlì ló dúró tì títí a fi sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rìsíìtì rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìwé ọlọ́pàá ni mo kọ́kọ́ wá. Oríire wa ni pé dírẹ́bà dáńfó ti lọ fẹjọ́ sùn lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó fẹ́ gba owó àtúnṣe ọkọ̀ rẹ̀. A gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Orúkọ oníbàárà mi kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó kọ ọ́ kàn kọ pé “àwọn èrò” wà nínú ọkọ̀. Báwo ni a ṣe fẹ́ fi hàn pé ó wà lára wọn? Ó mọ̀ pé ọmọkùnrin tó ya fídíò máa ń wọ ọkọ̀ ní gáréèjì kan náà láràárọ̀. Ó lọ dúró dè é. Ọmọ náà kò tíì pa fídíò yẹn rẹ́. Nígbà tí a wò ó dáadáa, oníbàárà mi hàn létí rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì ti ìdí.

Nọ́ḿbà ọkọ̀ la fi wá ìnṣọ́ránsì nínú àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń lò. Ti dáńfó kò sí níbẹ̀. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀. Dírẹ́bà náà sanwó fún un, kò sì mọ̀ pé bébà lásán lòun rà. Ti tírọ́ọ̀kì jẹ́ ojúlówó. Níbí, ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan sọ tí àwọn èèyàn ń ṣì mú. Láti oṣù kìn-ín-ní 2023, owó ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta (èyí tó ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ bá ṣe léṣe tàbí tó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́) fún ọkọ̀ àdáni kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000, iye tí wọ́n lè san lórí dúkìá tó bàjẹ́ sì kúrò ní mílíọ̀nù kan náírà, ó di mílíọ̀nù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ rò pé mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn ni òpin ohun tí ẹni tó fara pa lè gbà. Dúkìá ni òpin yẹn wà fún. Òfin náà kò fi òpin sí ti ara àti ẹ̀mí.

Kí n tó kọ lẹ́tà kankan, mo ní láti la ọ̀nà kejì sílẹ̀ fún un. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kò mọ sí inú ọgbà ilé-iṣẹ́. Ó bo ojú ọ̀nà láti ilé òṣìṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ pẹ̀lú, bí ọ̀gá bá ti mọ ibi tí òṣìṣẹ́ náà ń gbé tẹ́lẹ̀. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀san òṣìṣẹ́, ló ń san án, láti inú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá síbẹ̀. Kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ méje, ìwé ìbéèrè sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp yẹn ti kájú ọjọ́ 14, wákàtí méjì kò tíì pé tó fi ránṣẹ́. Àdírẹ́sì ilé rẹ̀ wà nínú fáìlì ibi iṣẹ́. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ni kò fi ránṣẹ́ síwájú, wọ́n ní àwọn rò pé bí kò bá ti ṣẹlẹ̀ nínú wọ̀háòsì, kò kan àwọn. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu àwọn ọ̀gá tó pọ̀ débi pé kò yà mí lẹ́nu mọ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì tó yàtọ̀ sí ọ̀gá iṣẹ́ ló fa ìjàǹbá, òfin ní kí òṣìṣẹ́ yan ọ̀kan: kó gba ẹ̀san lọ́wọ́ àjọ náà, kí àjọ sì gbapò rẹ̀ láti lé ẹni tó jẹ̀bi, tàbí kó pe ẹni náà lẹ́jọ́ fúnra rẹ̀. Ti NSITF yá jù, ọkàn sì máa ń balẹ̀ síbẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò ní owó ìrora nínú, irú èyí tí ilé ẹjọ́ lè sọ pé kí wọ́n san fún ìyà tí èèyàn jẹ àti ìgbádùn ayé tó pàdánù. Ó ronú lé e, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, ó ní ẹjọ́ lòun fẹ́. Mo fara mọ́ ọn nítorí tírọ́ọ̀kì náà ní ìwé tó dájú. Ká ní bébà lásán ló wà lára òun náà ni, NSITF ni ǹ bá ní kó dì mú.

A kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni tírọ́ọ̀kì, torí ẹni tó gba dírẹ́bà síṣẹ́ ló ń ru ẹ̀bi ohun tí dírẹ́bà bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́. A kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò wọn. A kò yọ dírẹ́bà dáńfó sílẹ̀, òun ló kúkú tẹ búréèkì níbi tí kò yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé apò rẹ̀ kò ní nǹkan. Èrò kò wakọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní kí oníbàárà mi pín nínú ẹ̀bi. Ní Èkó, ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó fara pa nípa àìnáání ẹlòmíràn láti pẹjọ́. Ká ní ọkọ̀ ìjọba tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ló gbá wọn, oṣù mẹ́ta péré ni ì bá jẹ́, ìgbà tó sì dé ọ́fíìsì mi, ẹ̀pa kì bá tí bóró mọ́.

Ìdáhùn wọn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ní àwọn ṣe tán láti san owó tí ó ná ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Owó náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó MRI. Wọ́n ní ohun tó ṣe é kì í ṣe ti ọkọ̀, wọ́n sì to ẹjọ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé nǹkankan ò ṣe òun, káàdì ọjọ́ kẹsàn-án kò sọ ọ̀rọ̀ ìjàǹbá, àwọn dísìkì rẹ̀ ti ń gbẹ, ìyẹn ni pé ọjọ́ orí ló dé, sítọ́ọ̀ ló ń tọ́jú, páálí ló ń gbé, ọmọ tún gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé oníṣẹ́ físíò ni wọ́n ti rí ti ọmọ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níbẹ̀, torí kì í purọ́.

Ti páálí ló rọrùn jù láti dáhùn. Sítọ́ọ̀kípà ni, kì í ṣe alábàárù. Kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù wà ní wọ̀háòsì, àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé ẹrù sì wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ mú ìwé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú òṣìṣẹ́ jáde, ti ọdún mẹ́ta ṣáájú ìjàǹbá: orí fífọ́ wà níbẹ̀, ibà wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀yìn dídùn kan. Ti ọmọ náà kò tó nǹkan, torí ìwé físíò kan náà sọ pé ẹsẹ̀ ti ń ta á kí ọmọ tó gun un.

Ti dísìkì gbígbẹ gba iṣẹ́. Dókítà Ìgbóbì kọ ọ́ pé irú gbígbẹ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára ẹni tó ti lé lógójì ọdún tí kò ní ìrora kankan, àti pé àwọn dísìkì tó ń gbẹ kọ́ ló tẹ iṣan. Èyí tó wà nísàlẹ̀ wọn ni, ibi tí ìwúwo ti máa ń já lé bí ẹ̀yìn bá tẹ̀ síwájú. Òfin pàápàá sì wà lẹ́yìn wa: bí o bá ṣe bá ẹni tí o ṣe léṣe náà ni wàá ṣe gbà á. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò lágbára tó ti ẹlòmíràn kò fún ọ láyè láti fi ọkọ̀ gbá a.

Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ló kù. Èmi rí i pé wọn ò kà á dópin. Ọmọ Yorùbá wo ló jáde nínú ìjàǹbá tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé a dúpẹ́, nǹkankan ò ṣe mí? Ẹni tí apá rẹ̀ kán pàápàá ń sọ ọ́. Ohun tó ń ṣe é ni ó sọ lẹ́yìn “ṣùgbọ́n”: ẹ̀yìn àti ìdí ń dùn mí díẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kó tó mọ̀ pé agbẹjọ́rò kan wà láyé. Ó dí àlàfo ọjọ́ mẹ́sàn-án pa, ó sì gba káàdì tí kò sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀. Àmọ́ kí ilé ẹjọ́ tó lè gbà á wọlé, àwòrán ojú fóònù nìkan kò tó. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ tí ohun náà ti wá. Ọ̀gá rẹ̀ gbà láti fọwọ́ sí i, ó sì gbé fóònù rẹ̀ wá. Ká ní ó ti pààrọ̀ fóònù láìgbé àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ dání, n kò mọ ibi tí a bá gbé e gbà.

A pẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003 ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Ó gbà wá láyè láti fa ilé-iṣẹ́ adójútòfò wọ inú ẹjọ́ náà, bí a bá ti fún wọn ní ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́. Ilé ẹjọ́ darí wa sí Lagos Multi-Door Courthouse fún ìlàjà. Láti 2002 ni ibẹ̀ ti wà, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó so mọ́ ilé ẹjọ́ ní Áfíríkà. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ fún irú ẹjọ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó ń fi òfin dẹ́rù ba ẹnìkejì níbẹ̀, ẹni tó ń ṣàìsàn sì lè dìde dúró nígbà tó bá wù ú.

Ìjókòó àkọ́kọ́ kò so èso. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí dókítà tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù ba oníbàárà mi, ó ní wọ́n ti sanwó fún ẹni náà. Mo ní kó lọ. Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn ìjàǹbá nígbà yẹn. Dókítà náà mú òòlù kékeré jáde, ó lu gìgísẹ̀ méjèèjì, ó sì kọ ohun tó rí: ọ̀tún ta, òsì kò ta. Ó fi kún un pé òun rò pé dísìkì gbígbẹ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́ pé nǹkankan kò ṣe gìgísẹ̀. Nígbà tí a tún pàdé, ohùn agbẹjọ́rò wọn ti rọ̀.

Lórí owó, ohun méjì ni òfin yà sọ́tọ̀. Owó tí èèyàn ti ná, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ìrora, adájọ́ ló ń wò ó fúnra rẹ̀. Ọ̀rá dúdú yẹn wúlò fún ti àkọ́kọ́. MRI, oògùn, físíò, gbogbo wọn ní rìsíìtì. Owó Bolt tó fi ń lọ sí Ìgbóbì wà lórí áàpù, a tẹ̀ ẹ́ jáde. Ti ìyá tó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti ọ̀kadà kò ní ìwé, a fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbé e kúrò ní sítọ́ọ̀, wọ́n fi í sídìí tábìlì, àjẹmọ́nú tó ń gbà fún sítọ́ọ̀ sì ti lọ. A béèrè àjẹmọ́nú náà fún gbogbo ọdún iṣẹ́ tó kù fún un; wọ́n gbà láti san apá kan, a sì gbà á.

Wọ́n sọ àdéhùn náà di ìdájọ́ àjọfohùnṣọ̀kan, kí ó lè jẹ́ pé bí wọn ò bá san, a kò ní bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tuntun. Wọ́n san gbogbo ohun tó ní rìsíìtì, owó oṣù tí kò gbà nígbà tó wà nílé, àti owó ìrora tó mú kí ó lè san gbèsè kọpurétíìfù tán kí nǹkan sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí a fi odindi ọ̀sán kan jà fún: bí dókítà Ìgbóbì bá sọ láàárín ọdún méjì pé iṣẹ́ abẹ di dandan lórí dísìkì L5/S1 yẹn, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló máa san án. Gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń kúrò nílẹ̀ díẹ̀ báyìí bó bá di tábìlì mú. Kò tíì nílò iṣẹ́ abẹ náà, ọdún méjì ọ̀hún kò sì tíì pé.